Ojú Ìwé Kọkànlélọ́gbọ̀n

Ìwé aláwòrán tí bàbá mi ń yà kò parí.
Inú ìwé eléwé ọgọ́ta ló ń yà á sí,
èyí tí wọ́n tẹ tábìlì ìṣirò sí lẹ́yìn,
nílé wa ní Ìjẹmọ̀, nígbà tí iná bá lọ,
ìyẹn ni pé lójoojúmọ́.

Ọ̀daràn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.
Mo ti mọ̀ wọ́n láti kékeré, nígbà tí irun wọn dúdú bíi kóró iṣin:
Ṣómúyìwá alàfẹ́ẹ̀rí, kí o tó ṣẹ́jú, kò sí mọ́;
Ṣólàrú, tó fi ọwọ́ kan gbé réluwéè kúrò lójú irin ní Láfẹ́ńwá
nítorí pé ó fọn fèrè nígbà tóun ń sùn lọ́wọ́;
àti Ẹfúnbọ̀wálé, tó jẹ́ pé bó bá ti súfèé báyìí,
àgádágodo á yanu sílẹ̀ bí òpè.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ń dàgbà, ó sì ń mú wọn dàgbà.
Ọdún tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ ní Ìdí-Àbà,
ó yọ eyín Ẹfúnbọ̀wálé.
Ọdún tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
Ṣólàrú gba ọ̀pá.
Ó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó lọ Òkè-Mòsàn, ó bọ̀,
“Fáìlì yín ò tíì jáde, bàbá,”
ọdún mẹ́fà.
Ó wálé lọ́jọ́ kan, kò bọ́ bàtà, ó mú bírò.

Arúgbó mẹ́ta lórí bẹ́ńṣì.
Ṣólàrú ní, “Ta ní í san owó ìfẹ̀yìntì fún olè?”
Ẹfúnbọ̀wálé ní, “Wọn ò kúkú san án fún tíṣà.”
Wọ́n dìde. Ìdìde yẹn nìkan gba ojú ìwé méjì.

Ilé ìfowópamọ́ kan ni wọ́n ń lọ, ní Òkè-Ìlẹ̀wọ́.
Ewu ńlá: ọlọ́dẹ mẹ́rin, ajá méjì,
àti àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógójì.
Àtẹ̀gùn ló fẹ́ẹ̀ pa wọ́n.
Wọ́n sinmi ní ìkẹẹ̀dógún, wọ́n jẹ gúgúrú,
wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru.
Ajá gbóòórùn àbóníkì lára wọn, ó sín, ó padà lọ sùn.
Ṣómúyìwá lo àfẹ́ẹ̀rí. Ara rẹ̀ lọ;
eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kọ̀, kò lọ.
Eyín ń rìn bọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó ń wí pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o.”
Ọlọ́dẹ ju ìbọn sílẹ̀, ó di ọ̀nà Ìbarà.

Wọ́n dé ẹnu àpótí irin. Ẹfúnbọ̀wálé ká ètè jọ.
Fúù.
Ẹnu tí kò léyín, kí ló fẹ́ fi súfèé?
Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo eyín tó dá dúró nínú òkùnkùn.
“Rọra lò ó o,” ni eyín wí, “mi ò tíì san owó rẹ̀ tán.”

Ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n: eyín ti wọ ẹnu obìnrin náà,
ètè rẹ̀ ti ká,
òbíríkítí kan wà lókè orí rẹ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.
Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gbé bírò lélẹ̀, pé òun fẹ́ mu omi.

Fáìlì rẹ̀ jáde lẹ́yìn ogójì ọjọ́.

Mo ra bírò tuntun. Báwo lèèyàn ṣe ń ya ohùn súfèé?
Mo fa ìlà, mo pa á rẹ́, ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.
Màmá mi, tó máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wa kiri
pé ẹni tó bá súfèé lóru ń pe ejò wọlé,
tó pe ìwé yẹn ní ìranù fún ogójì ọdún,
fa àga wá sí ẹ̀gbẹ́ mi.
Mo wo ojú Ẹfúnbọ̀wálé. Mo wo ojú tirẹ̀.
Tàdáwà ara kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú.
Kò sọ nǹkan kan. Ó tún gèlè wé.
Aago mọ́kànlá òru, iná ti lọ.
Ó súfèé.